Wáìfáì so mọ́ fóònù àmọ́ íntánẹ́ẹ̀tì ò wọlé: fúláàtì mẹ́rin, ráútà kan, Ìgbógbó, Ìkòròdú

Aránṣọ Ìgbógbó

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin ará àdúgbò. Ẹ jọ̀ọ́ mo nílò ìrànlọ́wọ́ lórí wáìfáì ilé wa kó tó di pé ìjà ṣẹlẹ̀. Fúláàtì mẹ́rin la wà nínú kọ́ḿpáùndì, a jọ ń dáwó ra dátà oṣooṣù sórí ráútà 4G kan tó wà ní pálọ̀ mi lókè, èmi ni mo máa ń gba owó lọ́wọ́ gbogbo wọn tí mo sì máa ń san án, torí náà tí nǹkan bá ti yíwọ́ ilẹ̀kùn mi ni wọ́n máa ń kàn. Wáyà gígùn kan jáde láti ẹ̀yìn ráútà lọ sí BQ lẹ́yìn ilé torí wáìfáì ò dé ọ̀hún. Láti ìgbà díẹ̀ sẹ́yìn báyìí, fóònù ẹlòmíì á so mọ́ wáìfáì, á kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ti so mọ́ ọn, àmọ́ íntánẹ́ẹ̀tì ò ní sí, WhatsApp ò ní lọ, ẹni tó jókòó tì í lórí àga kan náà á sì máa wo fídíò tiẹ̀ lọ. Tí mo bá pa ráútà tí mo tún tàn án, ẹni tí kò rí tẹ́lẹ̀ á rí, ẹni tó ń rí á wá sọ pé tòun ti lọ. Tó bá wá di nǹkan bí aago méje alẹ́ gbogbo ẹ̀ á máa fà, títí kan tèmi tí mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ọmọ mi ń múra JAMB, kíláàsì orí Zoom ẹ̀ ń já. Mo pe ọ́fíìsì tó ni síìmù, wọ́n ní kí n pa á kí n tàn án. Ìyá tó wà nísàlẹ̀ ti ní òun ò dáwó mọ́ lóṣù tó ń bọ̀. Kí ni ká ṣe?

Ọmọ Ìjẹ̀dé

Àǹtí ẹ kú wàhálà. Ẹ wo ẹ̀yìn ráútà yẹn, ihò kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ reset sí, ẹ fi abẹ́rẹ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún bíi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, gbogbo ẹ̀ á padà sí bó ṣe wà nígbà tẹ́ ẹ rà á.

Ẹnjiníà Odogúnyàn

Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì fọwọ́ kan ihò yẹn o. Àbúrò, o ṣeun, àmọ́ kéèyàn pa ráútà kó tún tàn án yàtọ̀ sí kó rísẹ́ẹ̀tì ẹ̀. Téèyàn bá pa á tó tàn án, gbogbo nǹkan tí wọ́n tò sínú ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Tó bá fi abẹ́rẹ́ tẹ ihò yẹn, orúkọ wáìfáì lọ nìyẹn, páásíwọ́ọ̀dù lọ, APN (sẹ́tíǹgì tí síìmù fi ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì) náà lè lọ, gbogbo fóònù tó wà nínú fúláàtì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí a máa ń fi kẹ́yìn ni, a kì í fi bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ni ibi tí ọ̀nà ti já. Ọ̀nà méjì ló wà níbẹ̀, láti fóònù dé ráútà, àti láti ráútà dé ìta. Àwa èèyàn máa ń pe méjèèjì ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì, a ó máa bú ilé iṣẹ́ tó ni síìmù nígbà tó jẹ́ pé inú ilé wa gan-an ni wàhálà wà, ìgbà míì sì wà tí inú ilé dáa tó jẹ́ ìta ló bàjẹ́, àá lọ ra ráútà tuntun lásán. Nítorí náà ẹ mú fóònù tí kò rí íntánẹ́ẹ̀tì yẹn wá síwájú ráútà, ẹ pa dátà síìmù inú fóònù náà fúnra ẹ̀ kó má lọ gba ibòmíì tàn yín. Ẹ wo sítíkà abẹ́ ráútà, ẹ máa rí àdírẹ́sì kan níbẹ̀, ó lè jẹ́ 192.168.8.1, ó lè jẹ́ 192.168.0.1 tàbí 192.168.1.1, ẹ kọ ọ́ sínú Chrome níbi tẹ́ ẹ máa ń kọ orúkọ wẹ́ẹ̀bù sí. Tí pèéjì ráútà yín bá ṣí, fóònù àti ráútà gbọ́ ara wọn, ìta ni kẹ́ ẹ máa wò. Tí kò bá ṣí, inú ilé ni.

Lẹ́yìn náà ẹ wọ sẹ́tíǹgì wáìfáì lórí fóònù, ẹ tẹ orúkọ wáìfáì yín, ẹ máa rí ibi tí wọ́n kọ IP address (àdírẹ́sì fóònù náà) àti gateway (àdírẹ́sì ráútà tó ń gbà jáde) sí. Ẹ kọ ti fóònù tó ń ṣiṣẹ́ àti ti èyí tí kò ṣiṣẹ́ wá síbí, ká fi wọ́n wéra.

Aránṣọ Ìgbógbó

Ẹ ṣé gan-an ni ẹnjiníà. Ọmọ mi ló bá mi wò ó. Sítíkà abẹ́ ráútà kọ 192.168.8.1. Fóònù tèmi tó ń ṣiṣẹ́, IP ẹ̀ ni 192.168.8.104, gateway 192.168.8.1. Fóònù ìyá ìsàlẹ̀ tí kò rí nǹkan kan, IP 192.168.1.102, gateway 192.168.1.1. A kọ 192.168.8.1 sínú Chrome tiwọn, kò ṣí. Ọmọ mi wá kọ 192.168.1.1, pèéjì kan ṣí o, àmọ́ orúkọ ráútà míì ló wà lórí ẹ̀, kì í ṣe tiwa rárá!

Ẹnjiníà Odogúnyàn

A ti rí i. Ráútà kejì wà nínú kọ́ḿpáùndì yín, ẹ lọ wo ìdí wáyà tó lọ sí BQ. Ẹni tó ń gbé ibẹ̀ ti ní láti so ráútà tiẹ̀ mọ́ ọn kí wáìfáì lè wọ yàrá ẹ̀. Ẹ má bá a jà o, ohun tó ṣe bọ́gbọ́n mu, bó ṣe so ó nìkan ló kù díẹ̀ káàtó.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé kó yé gbogbo ẹni tó bá ń ka èyí, torí ọ̀rọ̀ yìí wọ́pọ̀ ní gbogbo ilé tí wọ́n ti ń pín íntánẹ́ẹ̀tì. Fóònù tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ wáìfáì ò ní àdírẹ́sì kankan, ó máa kígbe béèrè ni, ráútà á sì fún un ní ọ̀kan, á tún sọ fún un pé ẹnu ọ̀nà tí wàá gbà jáde rèé. DHCP ni wọ́n ń pe iṣẹ́ yẹn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dáhùn ni fóònù sábà máa ń gbà gbọ́. Nílé yín báyìí àwọn méjì ló ń dáhùn. Ó dà bí òde ìnáwó tí àwọn méjì tí kò mọra wọn ti ń pín káàdì oúnjẹ lẹ́nu ọ̀nà, tó sì jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn ló ní ìkòkò ọbẹ̀ lẹ́yìn. Ẹni tó gba káàdì lọ́wọ́ ráútà tiyín á jẹun, ẹni tó gba ti ráútà BQ á jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú káàdì lọ́wọ́, torí ráútà yẹn ò ní síìmù, kò mọ ọ̀nà kankan tó jáde. Ìdí tó fi máa ń yí padà nìyẹn tẹ́ ẹ bá pa á tẹ́ ẹ tàn án, gbogbo fóònù á tún béèrè lákọ̀tun, ẹni tó bá sì yá lọ́jọ́ náà ló máa dáhùn.

Bẹ́ ẹ ṣe máa tún un ṣe. Ẹ yọ wáyà gígùn yẹn kúrò lẹ́yìn ráútà BQ ná, kẹ́ ẹ fi wáìfáì tàbí wáyà kékeré so láàpútọ́ọ̀pù mọ́ ráútà BQ nìkan, ẹ ṣí 192.168.1.1. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ LAN (ìyẹn nẹ́tíwọ́ọ̀kì inú ilé) sí, ẹ yí àdírẹ́sì ráútà náà sí 192.168.8.2, kẹ́ ẹ sì pa DHCP ẹ̀ pátápátá. Kó tó gbà á, ó lè pa ara ẹ̀ kó tún tan. Ẹ wá ki wáyà gígùn padà sínú ọ̀kan nínú àwọn ihò LAN ẹ̀, ẹ má fi sínú ihò WAN, ìyẹn ihò ọ̀nà ìta. Láti ìgbà yẹn lọ, iṣẹ́ kan ṣoṣo tí ráútà BQ máa máa ṣe ni pé kó gbé wáìfáì jáde, ráútà tiyín nìkan ló máa máa pín àdírẹ́sì. Tí ráútà náà bá tún ní ibi tí wọ́n kọ access point mode sí, ẹ kàn yan ìyẹn, òun fúnra ẹ̀ máa ṣe gbogbo ohun tí mo kọ yìí.

Tẹ́ ẹ bá ṣe tán, kí gbogbo ẹni tó ń jìyà pa wáìfáì fóònù wọn kí wọ́n tún tàn án, torí àdírẹ́sì àtijọ́ lè ṣì wà lọ́wọ́ wọn.

Tíṣà Kọ̀ǹpútà, Ìmọ̀ta

Ẹnjiníà ti fọhùn dáadáa. Kí n fi kékeré kan kún un fún àwọn tí tiwọn lè yàtọ̀ díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí i pé IP fóònù yín bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254, ìyẹn túmọ̀ sí pé kò sẹ́ni tó dá a lóhùn rárá, ó fúnra ẹ̀ ní nọ́ńbà ni, láàpútọ́ọ̀pù Windows ni ẹ ti máa ń rí i jù. Ẹ yẹ wáyà wò, tàbí kẹ́ ẹ wò ó bóyá DHCP ti kú nínú ráútà. Tó bá sì jẹ́ pé IP dáa, gateway dáa, àmọ́ tí wẹ́ẹ̀bù ò ṣí, ẹ ṣí command prompt (ibi tí wọ́n ń kọ àṣẹ sí) lórí láàpútọ́ọ̀pù, ẹ kọ ping 8.8.8.8, ìyẹn kẹ́ ẹ kàn sí ẹ̀rọ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì wò bóyá á dáhùn. Tó bá dáhùn, íntánẹ́ẹ̀tì wà, DNS ló ṣàìsàn, ìyẹn ohun tó máa ń sọ orúkọ wẹ́ẹ̀bù di nọ́ńbà. Ẹ lọ fi 1.1.1.1 tàbí 8.8.8.8 sí ibi DNS nínú ráútà, ó máa ń yanjú ẹ̀.

Àwọn míì máa sọ pé kí wáyà wọ ihò WAN ráútà kejì, kí DHCP ẹ̀ máa ṣiṣẹ́ lọ. Ó máa ń ṣiṣẹ́ o, tó bá ti jẹ́ pé nọ́ńbà àwọn ráútà méjèèjì yàtọ̀ bíi ti ilé yìí. Tí méjèèjì bá jẹ́ 192.168.1 á dà rú. Àti pé ẹni tó wà lẹ́yìn ráútà kejì á rí íntánẹ́ẹ̀tì àmọ́ á ṣòro fún àwọn tó wà ní iwájú láti rí ẹ̀rọ tó wà lọ́dọ̀ ẹ̀, géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì náà á máa ráhùn. Fún kọ́ḿpáùndì tí wọ́n mọra wọn, ọ̀nà tí ẹnjiníà là sílẹ̀ ló dáa jù lójú tèmi.

Oníwáyà Sábó

Ẹ dárí jì mí, kẹ́ ẹ tó kúrò lórí wáyà. Irú wáyà wo ló lọ sí BQ yẹn? Torí mo ń tà á, mo mọ ohun tí mò ń sọ. Oríṣi kan wà lọ́jà tó jẹ́ alumíníọ̀mù ni wọ́n fi bàbà bò lórí, ó rọrùn lówó, àmọ́ tó bá gùn kì í lè gbé e dáadáa, ó sì máa ń tètè dá ní ìdí. Ẹ béèrè bàbà pọ́ńbélé, Cat5e ti tó fún ilé. Kò gbọdọ̀ ju mítà 100 lọ láti ìdí dé ìdí. Bí ẹ bá tẹ orí ẹ̀, ẹ tò ó báyìí láti òsì, tẹ́ ẹ bá kọjú ibi tí bàbà ẹ̀ wà sí ara yín: funfun-olómi-ọsàn, olómi-ọsàn, funfun-aláwọ̀-ewé, búlúù, funfun-búlúù, aláwọ̀-ewé, funfun-búráùn, búráùn. Kí ìdí kejì rí bákan náà gẹ́lẹ́. Tí ọ̀kan nínú mẹ́jọ yẹn bá já, ó lè ṣì máa ṣiṣẹ́ àmọ́ kó máa rìn lórí ìyára 100 Mbps dípò 1000 Mbps, nígbà míì á máa lọ á máa bọ̀, ẹ ò ní mọ ohun tó ń ṣe yín.

Ẹ má ṣe dì í mọ́ wáyà iná tàbí wáyà jẹnẹrétọ̀. Oòrùn ìta máa ń jẹ ara wáyà inú ilé, ó máa ń gbẹ, á sì là, omi òjò á wọ̀ ọ́, torí náà ẹ fi sínú páìpù tàbí kẹ́ ẹ ra ti ìta tó dúdú. Mo sì ń bẹ̀ yín, tí òjò bá ń kù tí mànàmáná ń kọ, ẹ yọ wáyà tó gba ìta kọjá kúrò lẹ́yìn ráútà. Mo ti rí ráútà àti tẹlifíṣọ̀n tó bá ààrá lọ nípasẹ̀ irú wáyà bẹ́ẹ̀, ẹni tó ni wọ́n ò mọ̀ pé wáyà íntánẹ́ẹ̀tì lè gbé e wọlé.

Aránṣọ Ìgbógbó

Ẹ̀yin èèyàn mi, Ọlọ́run á bù kún yín. Bó ṣe jẹ́ gẹ́lẹ́ nìyẹn! Ọmọkùnrin tó wà ní BQ ra ráútà tòkúnbọ̀, ó kì í bọ wáyà. Mo fi ohun tẹ́ ẹ kọ hàn án, òun náà ló tún jókòó ṣe é pẹ̀lú ọmọ mi, 192.168.8.2, DHCP pa. Ìyá ìsàlẹ̀ rí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀nà ọ̀fun wọn ti rọ̀. Kò tún sẹ́ni tó sọ pé òun so mọ́ ọn tí kò wọlé.

Àmọ́ ti alẹ́ yẹn ò tíì lọ o. Láti aago méje ó ṣì ń fà, kíláàsì ọmọ mi ṣì ń já, ojú tíṣà á kàn dúró sójú kan.

Ọmọ Ìjẹ̀dé

Àǹtí ẹ kú oríire ti àkọ́kọ́. Ẹ yẹ wáìfáì wò bóyá ó ní ìgbì méjì, 2.4GHz àti 5GHz. Ti 5GHz yára àmọ́ kì í la ògiri kọjá dáadáa, ti 2.4 ń lọ jìnnà àmọ́ gbogbo àdúgbò ló wà lórí ẹ̀. Ẹ fún àwọn méjèèjì ní orúkọ tó yàtọ̀, kí ọmọ tó ń ṣe kíláàsì dúró lórí 5 tó bá wà nínú fúláàtì kan náà pẹ̀lú ráútà. Lórí 2.4 ẹ lo ikanni 1 tàbí 6 tàbí 11, àwọn yẹn nìkan ni kì í gun ara wọn. Ẹ má sì gbé ráútà sẹ́gbẹ̀ẹ́ máíkíròwéfù, torí orí 2.4 yẹn lòun náà ń ṣiṣẹ́.

Ẹnjiníà Odogúnyàn

Òótọ́ ni àbúrò sọ, àmọ́ Àǹtí ní pé tòun tóun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ráútà náà ń fà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ògiri nìyẹn. Ohun tí mò ń fura sí ni ohun tó ń jáde, kì í ṣe ohun tó ń wọlé. Gbogbo wa máa ń ronú nípa fídíò tí à ń wò, àá ní lágbájá ló ń wo fíìmù ló jẹ́ kó máa fà. Àmọ́ lórí 4G, ọ̀nà tí nǹkan ń gbà jáde sábà máa ń tín-ínrín ju èyí tó ń gbà wọlé lọ. Tẹ́nì kan bá wá ń ti fídíò ńlá jáde, ọ̀nà yẹn á dí. Ẹni tó ń wo nǹkan lásán náà á sì jìyà ẹ̀, torí bí nǹkan bá ṣe ń wọlé, ẹ̀rọ tirẹ̀ gbọ́dọ̀ máa dáhùn padà pé 'mo ti rí i gbà, máa mú èyí tó kàn bọ̀', ìdáhùn yẹn náà sì ní láti gba ọ̀nà tó dí yẹn jáde. Zoom tún burú jù torí ojú ọmọ náà ń jáde, ohùn ẹ̀ ń jáde.

Ẹ ṣe ìdánwò yìí lálẹ́, nígbà tó bá ń fà gan-an. Ẹ fi wáyà so láàpútọ́ọ̀pù mọ́ ráútà, ẹ ṣí command prompt méjì, ẹ kọ ping 192.168.8.1 -t sí ọ̀kan, ping 8.8.8.8 -t sí èkejì. Nọ́ńbà tó máa jáde ni iye àkókò tí ìdáhùn fi dé, ms kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Àkọ́kọ́ yẹn kò yẹ kó ju 1 tàbí 2 ms lọ torí inú ilé ni. Tí èkejì bá ti ń fò lọ sí 500, sí 1000, tí ti inú ilé sì dúró, ọ̀nà ìta ló dí. Ẹ wá ní kí fúláàtì kọ̀ọ̀kan pa wáìfáì wọn níkọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ máa wo nọ́ńbà yẹn. Ibi tó bá ti wálẹ̀ lójijì, ibẹ̀ ni nǹkan wà. Ẹ béèrè nípa kámẹ́rà ẹnu ọ̀nà, ẹ béèrè nípa fóònù tó ń kó fọ́tò lọ sí Google Photos, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá ń gbé fídíò ọjà sórí íntánẹ́ẹ̀tì lálẹ́.

Màmá Ìbejì, Ìsáwo

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ò mọ̀wé kọ̀ǹpútà àmọ́ àwa náà ń pín in nílé wa, ẹ jẹ́ n sọ ti owó torí ibẹ̀ ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Dátà tí wọ́n ń pè ní àìlópin yẹn, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ní iye gígábáìtì tẹ́ ẹ bá ti lò kọjá, wọ́n á dín ìyára ẹ̀ kù títí oṣù á fi parí, kò ní tán àmọ́ kò ní lè gbé fídíò. Ẹ ṣí áàpù wọn kẹ́ ẹ wo iye tẹ́ ẹ ti lò. Fíìmù tó mọ́ kedere lórí Netflix lè jẹ tó 3GB ní wákàtí kan, tẹ́ ẹ bá sì fi sí ìwọ̀n tó kéré díẹ̀, kò ní tó 1GB. Nínú fúláàtì mẹ́rin ẹ ṣírò ẹ̀ fúnra yín.

Ohun tí àwa ṣe ni pé a jọ jókòó, a ní alẹ́ láti aago méje sí mẹ́sàn-án ti àwọn ọmọ tó ń kàwé ni, ẹni tó bá fẹ́ wa fíìmù sórí fóònù ẹ̀ kó fi sílẹ̀ di òru. Ẹni tó ń lo láàpútọ́ọ̀pù Windows, kó lọ sí sẹ́tíǹgì wáìfáì kó tan ohun tí wọ́n ń pè ní metered connection, kó má máa fa àpúdéètì ńlá láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Láti ìgbà yẹn a ò bá ara wa fa nǹkan kan. Kí ẹni tó ń gba owó máa gbé rìsíìtì sórí grúùpù WhatsApp kọ́ḿpáùndì lóṣooṣù, ọkàn gbogbo èèyàn á balẹ̀.

Bàbá Onílé, Ẹ̀pẹ́

Ẹ kú ìjókòó o ẹ̀yin ọmọ mi. Èmi ní ilé níbí ní Ẹ̀pẹ́, àwọn tẹ́náǹtì mi náà ń pín ọ̀kan. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni ibi tẹ́ ẹ gbé ráútà 4G sí. Kò sí bí inú ilé ṣe lè dáa tó, tí ráútà ò bá gbọ́ máasìtì dáadáa. Ẹ wọ pèéjì ráútà, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ RSRP sí, ìyẹn bí ráútà ṣe ń gbọ́ máasìtì tó. Nọ́ńbà tó ní àmì àyọkúrò níwájú ni, bó bá ṣe súnmọ́ òdo tó ló ṣe dáa tó. Tó bá wà ní -80 tàbí kó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó dára gan-an. Ní -100 èèyàn ṣì lè máa fara dà á. Tó bá ti ń kọjá -110, ẹ gbé e kúrò níbẹ̀. Ẹ gbé e rìn káàkiri àwọn wíńdò ilé, ẹ jẹ́ kó sinmi díẹ̀ ní ibì kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ tó ka nọ́ńbà náà. Páànù òrùlé, gíláàsì wíńdò tó ń dán bíi dígí, irin béígílárì, àgbá omi, gbogbo wọn ló ń dí i. Mo gbé tèmi kúrò nínú kọ́bọ́ọ̀dù tẹlifíṣọ̀n lọ sí wíńdò tó kọjú sí máasìtì, àwọn tẹ́náǹtì rò pé mo ra dátà míì ni.

Ìṣòro iná náà wà níbẹ̀. Tí wọ́n bá mú iná lọ, kẹ́ni kan tó tan jẹnẹrétọ̀, ráútà ti kú, ó sì máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó jí padà. Ẹ ra UPS kékeré tó wà fún ráútà, ìyẹn bátìrì tó máa gbé e nígbà tí iná bá lọ. Ẹ wo ìdí àdápítọ̀ ráútà kẹ́ ẹ tó rà á, tó bá jẹ́ 12V ni, 12V náà ni kẹ́ ẹ rà, tó bá jẹ́ 9V tàbí 5V ẹ má fi 12V sí i, yóò jóná. Ti ámípù lè pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò léwu, kó ṣá má kéré.

Tíṣà Kọ̀ǹpútà, Ìmọ̀ta

Bàbá, ẹ ṣeun, ẹ pẹ́ fún wa sà.

Àǹtí, ẹ tún máa fi sọ́kàn pé ó ṣeé ṣe kí apá kan nínú ti alẹ́ yẹn má wá látọ̀dọ̀ yín. Lálẹ́ gbogbo Ìkòròdú ti dé láti ibi iṣẹ́, gbogbo wa wà lórí máasìtì kan náà, máasìtì sì ní ohun tó lè gbé mọ. Ẹ wọn ìyára ẹ̀ láàárọ̀ kùtù kí gbogbo èèyàn tó jí, ẹ tún wọ̀n ọ́n lálẹ́, pẹ̀lú wáyà, kí àwọn tó kù pa tiwọn. Tí ti alẹ́ bá kéré gan-an lẹ́yìn tí gbogbo ilé ti pa tiwọn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú déètì àti àkókò, ẹ fi sùn ilé iṣẹ́ náà, ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀sùn lọ́wọ́ wọn. Tí wọn ò bá ṣe nǹkan kan sí i, ẹ fi nọ́ńbà yẹn pe NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn ilé iṣẹ́ fóònù, lórí 622, ọ̀fẹ́ ni. Tẹ́ ẹ bá ní nọ́ńbà ẹ̀sùn lọ́wọ́, wọ́n á gbọ́ yín dáadáa ju kẹ́ ẹ kàn sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa lọ.

Ìgbà míì sì wà tí kò sí ohun tẹ́nikẹ́ni nínú wa lè ṣe. Ẹ rántí March 14, 2024, nígbà tí àwọn wáyà abẹ́ òkun já nítòsí Abidjan, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, ọ̀pọ̀ ilé ló dé lọ́jọ́ náà. Kẹ́ ẹ tó tú ráútà yín ká, ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó ń lo síìmù kan náà ní àdúgbò míì.

Aránṣọ Ìgbógbó

Ẹ kú àdúrótì o. A ṣe ìdánwò ping yẹn lálẹ́. Ti inú ilé dúró sí 1, ti 8.8.8.8 ń kọjá 900! A ní kí fúláàtì kọ̀ọ̀kan pa tiwọn, kò wálẹ̀. Nígbà tá a wá yọ iná kámẹ́rà géètì ló já wálẹ̀ sí bíi 60. Kámẹ́rà méjì ni lánlọ́ọ̀dù fi síbẹ̀, wọ́n so wọ́n mọ́ wáìfáì wa, tọ̀sán tòru ni wọ́n ń ti fídíò tó mọ́ kedere jáde lọ síbi tí wọ́n ń tọ́jú ẹ̀ sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú tí ìwọ́lé-ìjáde pọ̀ ní géètì ló máa ń pọ̀ sí i. Mo pe lánlọ́ọ̀dù, wọ́n ní ká má yọ ọ́ torí ààbò, òótọ́ sì ni. Kí ni ká ṣe sí i?

Ẹnjiníà Odogúnyàn

Ẹ ò ní yọ ọ́. Ẹ ra mẹ́mórì káàdì sínú kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan, kó máa gba fídíò sínú ara ẹ̀, kẹ́ ẹ wá yí i nínú áàpù kámẹ́rà pé ìgbà tí ẹnì kan bá kọjá nìkan ni kó fi fídíò kékeré ránṣẹ́. Ẹ dín ìwọ̀n àwòrán tó ń jáde kù. Lánlọ́ọ̀dù á ṣì máa rí géètì lórí fóònù wọn níbi yòówù kí wọ́n wà. Tí ráútà yín bá ní ibi tí wọ́n kọ QoS sí, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń pín ìyára fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, ẹ fi òpin sí iye tí kámẹ́rà lè tì jáde, kẹ́ ẹ sì fi láàpútọ́ọ̀pù ọmọ yín síwájú gbogbo ẹ̀rọ tó kù.

Nígbà tẹ́ ẹ bá wà lórí pèéjì ráútà yẹn, ẹ pa WPS (ohun tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ wọ wáìfáì láìkọ páásíwọ́ọ̀dù), kẹ́ ẹ sì yí páásíwọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ń wọ pèéjì náà kúrò ní admin. Gbogbo èèyàn inú kọ́ḿpáùndì àti àlejò wọn ló lè ṣí pèéjì yẹn báyìí, ẹni tó bá sì wọ ibẹ̀ lè yí ohunkóhun. Ẹ wo àwọn ẹ̀rọ tó so mọ́ ọn, kẹ́ ẹ béèrè ẹni tó ni èyí tẹ́ ẹ ò mọ̀. Àmọ́ ẹ má yára fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni, torí fóònù ìsinyìí, Android láti 10 sókè àti iPhone láti iOS 14, máa ń yí nọ́ńbà MAC tí wọ́n fi ń dá wọn mọ̀ padà láti wáìfáì kan sí èkejì, nítorí náà nọ́ńbà tẹ́ ẹ rí níbẹ̀ lè má jẹ́ èyí tí wọ́n kọ sára fóònù. Fún àlejò, ẹ tan guest network, ẹ fún ìyẹn ní páásíwọ́ọ̀dù tiẹ̀.

Aránṣọ Ìgbógbó

A ti ṣe ti kámẹ́rà, a ti yí páásíwọ́ọ̀dù. Ọmọ mi ṣe kíláàsì lálẹ́ àná láìjá, ìyá ìsàlẹ̀ sì ti san owó oṣù tó ń bọ̀ sílẹ̀. Ẹ ṣé, ẹ ṣé, inú mi dùn gan-an ni.

Ìbéèrè kan péré ló kù. Mo ní pírińtà ní ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ tí mo fi ń tẹ pátánì aṣọ, tí iná bá lọ tó dé, láàpútọ́ọ̀pù mi kì í rí i mọ́, àfi kí n tún un fi sí i látìbẹ̀rẹ̀.

Tíṣà Kọ̀ǹpútà, Ìmọ̀ta

Àdírẹ́sì ẹ̀ ló ń yí padà nígbà tí ráútà bá tún pín in. Ẹ wọ pèéjì ráútà, ẹ wo ibi DHCP, ẹ máa rí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí, ó lè jẹ́ láti 100 dé 200. Tó bá ní ibi tí wọ́n kọ address reservation sí, ẹ yan pírińtà náà níbẹ̀ kẹ́ ẹ fún un ní nọ́ńbà kan tí kò ní kúrò lọ́wọ́ ẹ̀. Tí kò bá ní, ẹ lọ sórí pírińtà fúnra ẹ̀, ẹ kọ ọ́ sí i pẹ̀lú ọwọ́, 192.168.8.50, tí kò sí lára àwọn tí ráútà ń pín, gateway 192.168.8.1, mask 255.255.255.0. Ẹ wá fi nọ́ńbà yẹn tún pírińtà náà fi sórí láàpútọ́ọ̀pù lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹ kọ ọ́ sórí téèpù, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀, kẹ́ ẹ kọ 192.168.8.2 mọ́ ẹ̀yìn ráútà BQ náà, kí ẹlòmíì má lọ fi nọ́ńbà kan náà sí nǹkan míì.